Nípa Bíbá Àwọn Tí Ó Dá Wà Ṣọ̀rẹ́

Ilẹ̀ Yorùbá ní ìkíni fún ohun gbogbo. A ń kí ẹni tí ó jókòó, a ń kí ẹni tí ó ń rìn bọ̀. A ń kí alágbẹ̀dẹ ní ẹnu iṣẹ́ rẹ̀, a ń kí obìnrin tí ó ń dirun, a ń kí ẹni tí òjò pa dé ilé àti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nítorí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ ní gbangba pé ìdánìkanwà jẹ́ ìyọnu kan láàárín àwọn Yorùbá, kíákíá ni a óò dá a lóhùn pé àrùn àwọn Òyìnbó ni ìyẹn, pé níbi tí ẹbí àti ará ilé gbé wà, kò sí ẹni tí í dá wà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ mọ́. Ó sì ń ṣe ìpalára, nítorí àrùn tí a bá ti sọ pé kò sí, kò sí ẹni tí yóò wá ìwòsàn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó la ìlú kan kọjá ní Èkìtì, tàbí ní Ìjẹ̀bú, tàbí ní Ìgbómìnà, ní agogo méjìlá ọ̀sán ọjọ́ iṣẹ́. Yóò rí àwọn ilé dáradára tí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí a kùn ní ọ̀dà, tí páànù wọn ń dán. Yóò rí ògiri tí ó yí wọn ká, àti géètì irin tí a tì pa. Bí ó bá kan géètì náà pẹ́, yóò gbọ́ ohùn arúgbó láti inú lọ́hùn-ún tí ń béèrè pé, “Ta nì yẹn?” Nígbà mìíràn, kò sí ẹlòmíràn nínú ilé oníyàrá mẹ́fà náà bí kò ṣe òun àti ọmọdébìnrin kan tí a gbà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ náà sì ti lọ sí ilé-ìwé láti òwúrọ̀. Ilé àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni àgbàlagbà í jókòó sí, ojú rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ń lọ sí odò yóò kí i, ẹni tí ń ti oko bọ̀ yóò kí i. Ọmọdé tí ó bá sáré kọjá láìkúnlẹ̀ yóò gbọ́ ìbáwí, ìbáwí náà pàápàá sì jẹ́ iṣẹ́ fún arúgbó láti ṣe. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ ilé tuntun wọ̀nyí fún òbí wọn kò ní èrò ibi. Wọ́n fẹ́ kí olè má baà wọlé, wọ́n sì fẹ́ fi ìyì fún ìyá tí ó fi ìṣẹ́ tọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ògiri tí ó dá olè dúró dá ìkíni dúró pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ náà wà ní Èkó, wọ́n wà ní Abuja, wọ́n wà ní òkè òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 2022 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà kan fún àwọn tí ń tọ́jú arúgbó àti aláìsàn, kí wọ́n lè ti ilẹ̀ mìíràn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025 ni ó dẹ́kun àti máa gba àwọn tuntun láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà. Láàárín àkókò yìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ni ó gba ọ̀nà náà lọ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi ṣẹlẹ̀ pé obìnrin Yorùbá kan yóò jí ní kùtùkùtù ní ìlú Òyìnbó, yóò wẹ ìyá arúgbó kan, yóò ya irun rẹ̀, yóò fún un ní tíì mu, yóò sì bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi rẹ́rìn-ín, nígbà tí ìyá tí ó bí i jókòó ní ilé ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó ń wo ojú ọ̀nà. A kò gbọdọ̀ bú obìnrin náà. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ni, láti inú rẹ̀ ni ó sì ti ń rí owó fi ránṣẹ́ sí ilé. Owó ń dé, ohùn sì ń dé lórí tẹlifóònù. Ojú ni kò dé. Yorùbá sì ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ọjọ́ mẹ́ta yóò sọ lórí tẹlifóònù pé ara òun le koko, nítorí kò fẹ́ kí ọmọ òun máa ronú ní ìdálẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ìwé náà wí pé, ní gbogbo ayé, ẹnìkan nínú ènìyàn mẹ́fà ni ìdánìkanwà ń bá jà, àti pé ikú tí ó tẹ̀lé e tó 871,000 lọ́dọọdún, èyí tí í ṣe bí ènìyàn 100 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àrùn rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn, àtọ̀gbẹ, ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìgbàgbé wà nínú ohun tí ó túbọ̀ máa ń bá ẹni tí ó dá wà. Kò ṣòro láti rí bí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ń dá jẹun kì í dáná dáradára. Yóò fi gààrí àti omi tútù panu ní ọ̀sán, yóò sì sùn bẹ́ẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó yẹ kí ó lò lójoojúmọ́, ọjọ́ tí ó bá rántí ni yóò lò ó. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan láti òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò gbọ́ bí ó bá ṣubú ní balùwẹ̀.

Arúgbó nìkan kọ́ ni ó wà nínú ìyà yìí. Ọkùnrin kan wà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ojú ń ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti jókòó níwájú ẹni tí kò lè fèsì, wọn kò sì wá mọ́. Obìnrin kan wà tí kò bímọ, tí àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tí ó kú ń retí ọjọ́ tí yóò kó kúrò nínú yàrá tí ó ń gbé. Opó wà pẹ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kú, ilé kò gba èrò. Títí di ogójì ọjọ́, a kò jẹ́ kí ó dá sùn. Ní oṣù kẹta, ibi tí àwọn àga ti kún ti di àgbàlá òfìfo, ìgbà náà gan-an sì ni ọ̀fọ̀ ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo wọn ni ìyá arúgbó tí àwọn aládùúgbò ti sọ ní àjẹ́. A ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n má gba ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá kí ènìyàn, a ó kùn lóhùn, a ó yára kọjá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó pẹ́ láyé, pé àwọn ọmọ rẹ̀ kú ṣáájú rẹ̀, tí ó sì máa ń dá sọ̀rọ̀ ní òru nítorí pé kò ní ẹni bá sọ̀rọ̀ ní ọ̀sán.

Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú kò ṣàìmọ nǹkan wọ̀nyí pátápátá. Bí oṣù Kejìlá bá dé, ẹgbẹ́ nínú ìjọ, àsàlátù àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú a máa kó ara wọn jọ. Wọn a ra ìrẹsì, òróró, ọṣẹ àti iyọ̀, wọn a wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọn a sì lọ láti ojúlé dé ojúlé. Wọn a gbàdúrà, wọn a ya àwòrán pẹ̀lú arúgbó náà láàárín wọn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé, wọ́n ti jáde. Ìrẹsì dára, ẹni tí ebi ń pa kò sì níí kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi orúkọ ohun mìíràn pè é. Ẹni tí a gbé ìrẹsì fún ní ọjọ́ kan nínú ọdún, tí kò sì mọ orúkọ ẹni tí ó gbé e wá, kò ní ọ̀rẹ́ ju bí ó ti ní ní àná lọ. Ní ọdún 1946, nígbà tí ogun ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Armand Marquiset dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Paris láti máa tọ́jú àwọn arúgbó tí ó dá wà, àṣàyàn ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà sì ni pé kí òdòdó ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tí ó bá gbé òdòdó lọ fún àgbàlagbà ní Ìlá Ọ̀ràngún, ẹ̀rín ni yóò gbà bọ̀. Obì ni ì bá gbé lọ. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, pé ẹni tí a kà sí ènìyàn ni a ń mú ohun ìdùnnú lọ fún, kì í ṣe ohun tí yóò fi wà láàyè nìkan.

Ó yẹ kí òǹkàwé gbọ́ ohun tí àwọn ìyá àgbà ṣe ní ilẹ̀ Zimbabwe. Ní ọdún 2006 ni Dókítà Dixon Chibanda, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ń wá ọ̀nà láti ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́ ní Mbare, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù ní ìlú Harare. Ọmọbìnrin kan tí ó ń tọ́jú ti pa ara rẹ̀. Nígbà tí ó yẹ kí ó padà wá sí ilé ìwòsàn, kò rí owó ọkọ̀. A kò fún dókítà náà ní yàrá, a kò sì fún un ní nọ́ọ̀sì. Àwọn ìyá àgbà 14 tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ ìlera láàárín àwọn ará àdúgbò ni a yàn fún un. Ó kọ́ wọn, ó sì gbé bẹ́ǹṣì onígi sí ìta ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ a wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà kan, ìyá náà a sì fetí sílẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún ìyọnu náà ní èdè Shona, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ríronú láròjù. Yorùbá kankan kò ní béèrè ohun tí èyí jẹ́. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, orúkọ àrùn ọpọlọ ni a fi pe bẹ́ǹṣì náà, àwọn ènìyàn sì sá fún un. Àwọn ìyá àgbà ni ó ní kí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Bẹ́ǹṣì Ọ̀rẹ́, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí wá. Ní ọdún 2016 ni a tẹ ìwádìí kan jáde tí a ṣe láàárín ènìyàn 573 ní Harare. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 50 nínú 100 àwọn tí a tọ́jú bí a ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni ìrẹ̀wẹ̀sì ṣì wà lára wọn. Láàárín àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, nǹkan bí 14 nínú 100 ni. Àwọn obìnrin tí ó ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe dókítà. Ohun tí wọ́n ní ni àgbà, etí, àti àkókò.

Ẹgbẹ́ aláàánú tí ó bá ka èyí ní Ìlésà tàbí ní Ṣakí kò nílò láti ra bẹ́ǹṣì. Kí ó ronú lórí orúkọ náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá pe iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìbẹ̀wò Àwọn Aláìní ti dójú ti àwọn tí ó fẹ́ bẹ̀ wò kí ó tó kan ilẹ̀kùn wọn. Ìyá tí ó ti ta aṣọ ní Ọjà Ọba fún ogójì ọdún, tí ó sì fi èrè rẹ̀ rán ọmọ márùn-ún ní ilé-ìwé, kì í ṣe aláìní. Ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀ ni kò ní.

Ohun kejì tí ó ṣe pàtàkì, tí ó sì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ, ni ọjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1965 tí Trevor Lyttleton ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ìlú London, àwọn olùyọ̀ǹda a máa fi ọkọ̀ wọn gbé àwọn arúgbó tí ó dá wà lọ sí ilé ẹnìkan láti mu tíì ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan lóṣooṣù. Ètò náà rọrùn dé ibi tí ẹlòmíràn yóò fi rẹ́rìn-ín sí i: tíì àti àkàrà òyìnbó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kì í yẹ̀, arúgbó tí ó sì mọ̀ pé a ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan báyìí ní ohun tí ó ń fojú sọ́nà fún.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ olùyọ̀ǹda ti ń ṣe ibi láìmọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò fi ìtara bẹ̀rẹ̀. Yóò sọ fún bàbá arúgbó kan pé, “Bàbá, ẹ óò máa rí mi ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀.” Bàbá náà yóò dáhùn pé, “Ọlọ́run á jẹ́ kí a rí ọ, ọmọ mi,” bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di Ọjọ́bọ̀, bàbá yóò ti wẹ̀ ní agogo mẹ́ta, yóò ti wọ dànṣíkí tí ó mọ́, yóò ti gbé àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yóò wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ìpàdé yóò wà, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà òjò yóò rọ̀, ní ọ̀sẹ̀ keje ojú yóò máa tì í láti lọ nítorí pé kò wá ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá yóò tún gbé àga jáde fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní gbé e jáde mọ́. Ohun tí a ṣe fún bàbá yìí burú ju bí a kò bá wá rárá lọ, nítorí pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó dé, ó lè sọ fún ara rẹ̀ pé àwọn ènìyàn kò rántí òun ni. Nísinsìnyí ó mọ̀ pé wọ́n rántí òun, wọ́n sì fi òun sílẹ̀. Nítorí náà kí ẹgbẹ́ kankan má gba olùbẹ̀wò tí kò lè ṣe ìlérí ọdún kan. Ènìyàn méjì tó fún olùbẹ̀wò kan. Kí a má sì ka iye ilé tí a wọ̀. Ẹgbẹ́ tí ó fi ènìyàn mẹ́wàá bá ogún arúgbó ṣọ̀rẹ́ títí ọdún fi yí po ti ṣe ju èyí tí ó pín ìrẹsì ní igba ojúlé lọ.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀ràn ẹbí ni èyí, pé àlejò tí ó ń lọ jókòó ti ìyá onílé ń dójú ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ìdáhùn wà ní ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọdún 1954, ní Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kọ̀ọ̀kan sì ní láti fi ẹnìkan tẹ̀lé aláìsàn rẹ̀. Wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣe oko. Àlejò kò gba ipò ẹbí níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ gbé ẹrù náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni kí olùbẹ̀wò ṣe. Kí ó mú ẹni tí arúgbó náà mọ̀ dání ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ó sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Nítorí ìfura wà, kò sì burú pé ó wà. Àwọn kan ti fi ìbẹ̀wò gba ilẹ̀, àwọn kan ti fi í gba owó ìfẹ̀yìntì. Olùbẹ̀wò kò gbọdọ̀ yá owó lọ́wọ́ arúgbó, kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ìwé ìhágún rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá sí ọ̀ràn ilẹ̀ rárá. Ohun tí ó bá gbọ́ nínú ilé kò gbọdọ̀ dé ọjà, àfi bí ó bá jẹ́ ọ̀ràn àìsàn tàbí pé ẹnìkan ń fìyà jẹ ẹ́.

Bí ó bá dé ibẹ̀, kí ni yóò ṣe? Díẹ̀ ni. Kí ó kí i dáradára, kí ó jókòó, kí ó má wo aago. Bí ẹ̀gúsí bá wà tí a ń ṣẹ́, kí ó fa igbá mọ́ra kí ó bá a ṣẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ a máa jáde nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́. Bí arúgbó náà bá sọ ìtàn tí ó sọ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí ó tún un gbọ́. Kí ó jẹ́ kí a fún òun náà ní nǹkan, ìbá à ṣe àádùn tàbí ìmọ̀ràn lórí ọ̀nà tí a ń gbà rẹ aró, nítorí ẹni tí a kì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ka ara rẹ̀ sí ọ̀rẹ́ ẹni. Ní ti ìyá tí àwọn aládùúgbò sọ ní àjẹ́, ìta ni kí a jókòó sí pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe yàrá, kí a sì jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀ níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò gbé tó o. Ọ̀pọ̀ ìwàásù kò ṣe tó ohun tí òkèlè kan yóò ṣe níbẹ̀.

Ẹni tí ó ní ìwé yìí lọ́wọ́ ní ojú-ewé oṣù kọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀. Kí ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ọjọ́ ìbẹ̀wò bí ó ti ń sàmì sí ọjọ́ ọjà. Nígbà òjò àkọ́rọ̀, tí gbogbo ẹni tí ó lágbára bá ti lọ gbin àgbàdo, tí ìlú sì dákẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́, ìbẹ̀wò kan nílò láti di méjì. Ní oṣù Keje kí ó wo òrùlé bí ó bá ń jò. Ní ìgbà ọyẹ́ kí ó dúró kí oòrùn yọ dáradára kí ó tó lọ, kí ó fi òrí dání fún ẹsẹ̀ tí ó là, kí ó sì fetí sí ikọ́. Bí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó bá sì ń mú un kúrò ní ìlú, kí ó mú ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó lọ, títí arúgbó náà yóò fi mọ ohùn ẹni náà ní ẹnu géètì, tí yóò sì mọ ọmọ ẹni tí í ṣe.